Òjé tó bá ekòló wọ inú ìtẹ́ ẹyẹ

Bí ẹ bá yẹ ìtẹ́ American robin wò lẹ́bàá odò tó ṣàn gba ibi ìwakùsà òjé kọjá, ẹ lè bá ẹyin mẹ́rin níbẹ̀, kí ìyá ẹyẹ sì sàba lé wọn dáadáa. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Iye ẹyin kì í sábà tú àṣírí òjé. Ẹ̀jẹ̀ ló ń tú u.

Ẹnu ni òjé ń gbà wọlé. Ní àfonífojì Coeur d'Alene ní Idaho, ní Amẹ́ríkà, àkúnya omi ti gbé ìdọ̀tí ìwakùsà tẹ́ sí etí odò káàkiri. Ekòló ń gbé iyẹ̀pẹ̀ yìí mì, ìfun rẹ̀ sì kún fún un bí ìfun ẹran tí wọn ò tíì fọ̀. Bí robin ṣe ń ki ekòló bọ ọmọ lẹ́nu ló ń ki òjé bọ̀ ọ́. Ìdí nìyí tí ẹyẹ tó ń ṣa oúnjẹ nílẹ̀ fi ń kó òjé ju èyí tó ń mú kòkòrò lórí ewé.

Tó bá dénú ẹ̀jẹ̀, á lé síńkì kúrò lára ALAD, èròjà tí ara fi ń ṣe ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa. Ẹyẹ náà ṣì lè máa fò, kó máa kọrin, kí ALAD rẹ̀ sì ti rọ.

Àìtó kálísíọ̀mù tún ń dá kún un. Ní Harjavalta, ní Finland, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ bàbà àti nickel, ìkarahun ìgbín tí àwọn ẹyẹ ń jẹ fún kálísíọ̀mù wọ́n, èèpo ẹyin pied flycatcher sì fẹ́lẹ́ débi pé omi inú àwọn kan gbẹ sínú ìtẹ́. Ti great tit kò burú tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọ̀ àyà àwọn ọmọ rẹ̀ ṣá nítorí pé kòkòrò ewé tó ń fún wọn ní àwọ̀ ìyeyè kò tó. Nígbà tí èéfín ibẹ̀ dínkù, pied flycatcher tún bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ dáadáa.

Ẹ máa wo ìtẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin síra, kí ẹ sì ṣírò iye tó ń yè lójúmọ́, torí ìtẹ́ tó ti bàjẹ́ kí ẹ tó rí i kò ní sí nínú àkọsílẹ̀ yín. Tí 0.96 bá ń yè lójúmọ́, ìyẹn 96 nínú ìtẹ́ 100, ìtẹ́ 36 nínú 100 ló máa pé ọjọ́ 25. Tó bá jẹ́ 0.94, 21 péré ni.

Ọmọ song sparrow ọjọ́ méje ni kí ẹ gbẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Tí ẹ bá pẹ́ jù, wọ́n á bẹ́ jáde láìtọ́jọ́. Ẹ má gbà ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara lọ: ẹyẹ 20 g kò gbọdọ̀ ju 0.2 ml. Ẹ fi ọtí nu abẹ́ apá rẹ̀ kí ẹ tó gún iṣan, torí eruku ara awọ lè kó òjé sínú ẹ̀jẹ̀ tó mọ́. Ìgò tó ní heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dìpọ̀, ni kí ẹ lò fún ALAD. EDTA, tí òun náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dìpọ̀, ń fa síńkì kúrò, ẹyẹ tó lera á wá dà bí olóòjé. Ẹ mú ẹ̀jẹ̀ náà dì bíi yìnyín lójú ẹsẹ̀.

Ẹ gba ìgbẹ́ ọmọ náà pẹ̀lú. Inú àpò funfun kékeré ló máa ń wá, àwọn òbí sì ń tètè gbé e lọ, torí náà ẹ yára. Bí aluminium bá pọ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú òjé, iyẹ̀pẹ̀ ni ọmọ náà ti ń gbé mì.