Kápúsù tó ń fọ ikùn dànù: ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ probiotics díẹ̀

Mi ò lè ṣí WhatsApp mọ́ kí n má rí ẹni tó ń polówó probiotics, ìyẹn àwọn kòkòrò tíntìntín tí wọ́n ní ó ń ṣara lóore, tí wọ́n rọ sínú kápúsù tàbí oúnjẹ. "Ikùn á wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì." Àwọn ẹ̀gbọ́n ń bi mí, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń bi mí, torí náà ẹ jẹ́ n kúkú kọ ọ́ síbí kí n sinmi.

Mi ò ní pè é ní irọ́ pátápátá o. Àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń gbé nínú ìfun wa lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọ̀rá lóòótọ́. Lọ́dún 2004, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Fredrik Bäckhed àti Jeffrey Gordon ní St. Louis, Amẹ́ríkà, mú àwọn èkúté tí wọ́n tọ́ dàgbà láìsí kòkòrò kankan lára wọn, wọ́n wá kó kòkòrò inú ìfun èkúté mìíràn sí wọn nínú, kí ọjọ́ 14 tó pé ọ̀rá ara wọn ti fi nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 lé sí i, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ tún dín kù ni o! Ohun tí ikùn èkúté ò lè dà fúnra ẹ̀, àwọn kòkòrò yẹn ń bá a dà á, wọ́n sì tún ń jẹ́ kí ara máa kó ọ̀rá pa mọ́.

Àwọn kan náà ló tún ń ṣe rere ṣá. Tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ̀wà, ilá, ẹ̀fọ́, wọ́n máa ń sọ fáíbà inú ẹ̀ di ásíìdì bíi butyrate àti propionate, ásíìdì yìí á wá jẹ́ kí ìfun tú họ́mónù GLP-1 jáde, tó ń sọ fún ọpọlọ pé a ti yó. GLP-1 yẹn náà ni Ozempic, abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ tó tún ń jẹ́ kéèyàn fọn, ń sín jẹ. Ṣùgbọ́n kẹ́nì kan má fi ìyẹn ta kápúsù fún yín, agbára wọn ò jọra rárá.

Ó wá ku tèèyàn. Ní Japan, wọ́n fún àwọn tó níkùn ní wàrà kíkan tí kòkòrò Lactobacillus gasseri SBT2055 wà nínú ẹ̀, gíráàmù 200 lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ 12. Ọ̀rá tó wà nísàlẹ̀ ikùn lọ́hùn-ún, tó ń wé mọ́ ìfun, fi ìdá 4.6 nínú 100 dín kù, èsì yẹn jáde lọ́dún 2010. Ó dáa o, àbí? Ṣùgbọ́n ìdá 1.4 nínú 100 péré ló kúrò nínú bí wọ́n ṣe wọ̀n. Ẹni tó bá wọn kílò 90, kò tó kílò kan àbọ̀ lóṣù mẹ́ta. Wọ́n tún un ṣe fún èèyàn 210, èsì jáde lọ́dún 2013, ó tún ṣiṣẹ́, àmọ́ nígbà tí wọ́n dá wàrà yẹn dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọ̀rá ti ń padà sílé. Ìyẹn ni pé owó tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í san, ẹ ò ní sinmi sísan án.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ìwádìí ti Belgium, 2019, lórí kòkòrò inú ìfun kan tí wọ́n ń pè ní Akkermansia muciniphila. Èèyàn 32 ló parí ìwádìí náà, oṣù mẹ́ta. Àwọn tó gba èyí tí wọ́n ti fi iná pa, ara wọn gba ínsúlínì, họ́mónù tó ń bójú tó ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, dáadáa sí i, kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù wọn sì wálẹ̀. Òkú kòkòrò ló ṣiṣẹ́ ju alààyè lọ! Kílò tó bọ́ lára wọn ò tó nǹkan tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí.

Ẹ máa bèèrè omi ògì, mo mọ̀. Lactobacillus wà nínú ẹ̀ wọ̀ǹtìwọnti, tẹ́ ẹ bá ti da omi gbígbóná sógì wọ́n ti kú nìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú ògì yàtọ̀ sí ti Japan, ẹ má mu ún torí ikùn. Yógọ́ọ̀tì inú gósílóò ńkọ́? Ṣúgà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tára ẹ̀ ò ní agbára láti gbógun ti àìsàn, kó rí dókítà kó tó gbé probiotics kankan mì.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan gbé ìgò tiẹ̀ wá kí n bá òun wò ó. "Lactobacillus" nìkan ni wọ́n kọ sí i. Ó dà bíi kéèyàn wọ àdúgbò kó máa pe "Táíwò o!", Táíwò ilé wo? Mo ní kí wọ́n bá mi bi ẹni tó tà á pé èwo gan-an ni, iye wo ló sì wà nínú kápúsù kan. Ẹni tó tà á dáhùn pé ẹ̀dínwó wà tí wọ́n bá ra ìgò mẹ́ta.