Bí Mo Ṣe Ń Fi Bíríkì Lego Kọ́ Ilé Onígi Àtijọ́

Ní ìlú Quedlinburg ní Jámánì, tí àjọ UNESCO fi kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 1994, òpó igi ló gbé ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ró, kì í ṣe ògiri. Amọ̀ tí a pò mọ́ koríko gbígbẹ ni wọ́n sábà fi ń dí àlàfo àárín àwọn òpó náà. Èyí ni mo máa ń fi sọ́kàn bí mo bá ń fi bíríkì Lego, ìyẹn bíríkì oníke kéékèèké tí a fi ń ṣeré, kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá wò ó gbọ́dọ̀ rí i pé igi aláwọ̀ ilẹ̀ ló ru ẹrù, pé ara funfun náà kàn ń dí àyè ni.

Igi tí a gbé dagẹ̀rẹ̀ ló nira jù, bẹ́ẹ̀ òun ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ti ilé gidi wó. Ìṣirò ni mo fi ń borí ìṣòro yìí: onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 3, 4 àti 5 máa ń bára mu láìfipá mú un, bí a bá ń ka àlàfo láti ihò dé ihò lára bíríkì, tí a kò ka ihò gan-an. Bí mo bá sì fẹ́ dojú bíríkì kọ ẹ̀gbẹ́, mo mọ̀ pé bíríkì pẹlẹbẹ márùn-ún tí a tò léra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní mìlímítà 3.2, bá fífẹ̀ kókó méjì, ìyẹn orí róbótó tó yọ lókè bíríkì, mu gẹ́lẹ́.

Àjà òkè ni mo fẹ́ràn jù. Mo máa ń jẹ́ kí ó yọ síwájú ju ìsàlẹ̀ lọ ní kókó kan, bí àwọn ilé òpópónà Shambles ní ìlú York ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe yọ sórí ẹni tó ń kọjá.