Ilẹ̀kùn Méjì ní Dallas

Ìwé pélébé kan ni mo bá lórí tábìlì oúnjẹ ẹ̀gbọ́n mi ní Garland, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé Texas. Oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni. Oorun ọkọ̀ òfuurufú kò tíì dá lójú mi, mo ń wá ṣúgà tí màá fi mu tíì, ni mo bá gbé agolo Mílò kúrò lórí ìwé náà. Fọ́tò èèyàn méjì ló wà lókè rẹ̀, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Lábẹ́ wọn ni wọ́n to ọ̀rọ̀ sí: oyún ṣíṣẹ́, ìgbéyàwó, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, ẹnubodè, ìbọn, owó orí. Níwájú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ bóyá ẹni yìí fara mọ́ ọn tàbí kò fara mọ́ ọn. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí ẹ dìbò fún lágbájá, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́wàá tó bá kà á yóò mọ ẹni tí wọ́n ní kó dìbò fún. Mo yí i padà, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹsẹ Bíbélì kan ló wà níbẹ̀. Àyè ẹnì kẹta ò sí níbì kankan.

"Ta ló fún yín ní èyí, sà?" Mo bi ọkọ ẹ̀gbọ́n mi.

"Abẹ́ wáípà mọ́tò ni mo ti bá a nígbà tí a jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Gbogbo mọ́tò tó wà nínú ọgbà ni wọ́n fi há. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì wa ló tẹ̀ ẹ́ o." Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ká a sí mẹ́rin, ó tì í bọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì. "Àbúrò mi, ìbò ọdún yìí ò jẹ́ kí n rí oorun sùn."

Bàbá Ìbejì ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni, ó ti lé ní ogún ọdún tó ti wà ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì alaalẹ́ ló ń ṣe, díákónì sì ni. Kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ òṣèlú. Gbólóhùn kan tó sọ yẹn ló mú kí n fi ọ̀sẹ̀ méjì tí mo lò lọ́dọ̀ wọn tọpinpin ọ̀rọ̀ tí mi ò tìtorí ẹ̀ kúrò n'Íbàdàn.

Ẹ̀gbọ́n mi ni mo wá wò, a ò fojú kanra fún ọdún mẹ́sàn-án. Màmá wa sì tún rán mi níṣẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni màmá, Onítẹ̀bọmi paraku. Bàbá wa ní tirẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí títí ó fi kú. Màmá ní tí n bá dé Dallas, kí n bá òun ya fọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì àwọn tó rán Bowen wá. Thomas Jefferson Bowen ni òyìnbó ajíhìnrere tó gúnlẹ̀ sí Badagry ní 1850, tó dé Ìjàyè àti Ògbómọ̀ṣọ́, tó sì kọ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1858. Southern Baptist Convention ló rán an. Ìjọ yẹn ya kúrò lára àwọn Onítẹ̀bọmi ìhà àríwá ní 1845, nítorí pé àwọn ará gúúsù fẹ́ kí ẹni tó ní ẹrú lè jẹ́ ajíhìnrere. Màmá mi ò mọ apá ibẹ̀ yẹn, mi ò sì tíì rí ọ̀nà tí màá gbà sọ ọ́ fún un.

Bàbá Ìbejì gbé wa lọ sí ìgboro Dallas lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ní 1868 ni wọ́n dá First Baptist Church tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, ilé rẹ̀ sì pọ̀ débi pé ojú pópó ń gba àárín wọn kọjá. Omi ń tú sókè níwájú, àgbélébùú wà lórí, àwọn ọmọdé ń fọwọ́ gba omi. Mo ya fọ́tò fún màmá títí fóònù mi fi ń gbóná. Pásítọ̀ ibẹ̀, Robert Jeffress, kò fi pamọ́ láti 2016 pé ẹ̀yìn Donald Trump, olùdíje ẹgbẹ́ Republican, lòun wà. Bàbá Ìbejì dúró sábẹ́ ibòji, kò bá wa yọjú sí fọ́tò. Nígbà tí a parí, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n fi ibì kan hàn yín."

Ibi tó mú wa lọ kò jìnnà. Koríko ni, ilẹ̀ tẹ́jú lọ bẹẹrẹ, ilé gogoro tó gbé bọ́ọ̀lù ńlá sórí wà nítòsí. Gbọ̀ngàn eré ìdárayá kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Reunion Arena; wọ́n ti wó o ní 2009. Nínú gbọ̀ngàn yẹn, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1980, ni Ronald Reagan ti dúró níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún pásítọ̀ àti ọmọ ìjọ, tó sì sọ fún wọn pé òun mọ̀ pé wọn ò lè fọwọ́ sí òun, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun fọwọ́ sí wọn. Ìdí tí wọn ò fi lè fọwọ́ sí i ni òfin kan tí Lyndon Johnson, ọmọ Texas, mú wá ní 1954, pé ṣọ́ọ̀ṣì àti àjọ aláàánú tí kì í san owó orí kò gbọdọ̀ polongo fún olùdíje. Ìdí nìyẹn tí ìwé abẹ́ wáípà náà ò fi dárúkọ ẹni tí kí ẹ dìbò fún.

Mo dúró lórí koríko yẹn fún ìgbà pípẹ́. Ọdún kan ṣáájú ìpàdé náà ni pásítọ̀ Jerry Falwell dá Moral Majority sílẹ̀, àjọ tó ń kó àwọn onígbàgbọ́ wọnú òṣèlú, àwọn pásítọ̀ tí wọ́n ti ń sọ pé òṣèlú kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó bá ti di àtúnbí sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ọmọ ìjọ sílẹ̀ fún ìbò. Ẹni tó wà lórí àlééfà nígbà náà, Jimmy Carter, Onítẹ̀bọmi ni òun náà, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n tẹ̀lé Reagan, ẹni tó buwọ́ lu òfin tó ṣí ọ̀nà fún oyún ṣíṣẹ́ nígbà tó jẹ́ gómìnà California ní 1967. Southern Baptist fúnra wọn ti ṣe ìpinnu ní 1971 pé ó yẹ kí òfin gba oyún ṣíṣẹ́ láyè nínú ọ̀ràn bíi ìfipábánilòpọ̀ tàbí ewu fún ìyá. Àwọn òpìtàn kan sọ pé ìjà lórí owó orí àwọn ilé ẹ̀kọ́ onígbàgbọ́ tí kì í gba ọmọ aláwọ̀ dúdú ló kọ́kọ́ kó àwọn olórí yẹn jọ, kí ọ̀rọ̀ oyún tó di àsíá wọn. Nígbà tí mo sọ ọ́, Bàbá Ìbejì mi orí, ó ní, "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ìlù ọkàn ọmọ inú oyún lẹ́nu iṣẹ́, àbúrò mi. Tèmi kì í ṣe àsíá."

Mo gbà á gbọ́. Mi ò sì rí ohun tó burú nínú pé kí onígbàgbọ́ gbé ìgbàgbọ́ rẹ̀ lọ síbi ìdìbò. Ibo ni kó gbé e sí? Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tí ilẹ̀kùn bá jẹ́ méjì péré, èèyàn á tìtorí ohun kan ṣoṣo gba ọ̀kan wọlé, wọ́n á sì di gbogbo ẹrù tó kù lé e lórí. Bí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀fọ́ ni, tí wọ́n ní àfi kó ra ẹran tó ti rùn mọ́ ọn.

Àwọn ìbejì ló mú wa dé ibi tí mo ti rí ìyókù. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni wọ́n, wọ́n fẹ́ wo egungun dáínósọ̀, a sì lọ sí Perot Museum. Nígbà tí àwọn ọmọ ń sáré yí egungun ká, èmi dúró síbi orúkọ tó wà lára ògiri. Ross Perot, olówó Dallas yìí, ló jáde du ipò ààrẹ ní 1992 láìsí nínú Republican, láìsí nínú Democrat, ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá méjì tí wọ́n ní. Ó lé ní mílíọ̀nù mọ́kàndínlógún èèyàn tó dìbò fún un, nǹkan bí 19 nínú 100. Ó ṣe ipò kejì ní Maine àti Utah. Nínú ìbò 538 tí wọ́n fi ń yan ààrẹ gan-an, kò rí ẹyọ kan. Ní ìpínlẹ̀ tó pọ̀ jù lọ, ẹni tó bá ṣáájú ló ń kó gbogbo ìbò ìpínlẹ̀ náà, kódà bó jẹ́ ìbò kan ló fi ṣáájú. Ní 2000, ìbò 537 ni George W. Bush fi ṣáájú Al Gore ní Florida tó fi di ààrẹ, Ralph Nader, tí kò sí nínú ẹgbẹ́ méjèèjì, sì gbà ju ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún lọ níbẹ̀. Títí dòní, ẹni tó bá ní òun fẹ́ dìbò fún ẹnì kẹta, Florida ni wọ́n fi ń dá a lóhùn.

Ní tiwa, ìjọba ológun ló kó wa sínú irú ilé onílẹ̀kùn méjì bẹ́ẹ̀. Babangida da gbogbo ẹgbẹ́ tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ nù ní 1989, ó dá SDP ẹlẹ́ṣin àti NRC ẹlẹ́yẹ idì sílẹ̀, ó ní ọ̀kan á yà sí òsì díẹ̀, èkejì á yà sí ọ̀tún díẹ̀. Síbẹ̀, ní June 12 ọdún 1993, màmá mi Onítẹ̀bọmi àti bàbá mi Mùsùlùmí jọ jáde nílé, wọ́n jọ dìbò fún Abiola àti Kingibe, Mùsùlùmí méjì. Mo rántí bí màmá ṣe wé gèlè lọ́jọ́ yẹn bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó. Ohun tí ológun fi ìbò yẹn ṣe, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, a gba òpópónà I-30 lọ sí ìhà Greenville, kí n lè rí ilẹ̀ Redeemed ní Floyd, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti máa ń péjọ láti gbogbo Amẹ́ríkà. Orí afárá Lake Ray Hubbard la wà, omi lọ́tùn-ún, omi lósì, àwọn ọmọ ti sùn lẹ́yìn, nígbà tí Bàbá Ìbejì dédé la ẹnu.

Ó ní ní 2016, nítorí ọmọ inú oyún lòun ṣe dìbò bí òun ṣe dì í. Ní 2018 ó kọ̀wé béèrè kí ìyá rẹ̀ wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Yàrá ìsàlẹ̀ ni wọ́n tún ṣe fún màmá, wọ́n fi irin ìdìmú sí balùwẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù Kíní 2020 ni àṣẹ Trump jáde láti Washington pé wọn ò ní fún ọmọ Nàìjíríà ní físà àwọn tó fẹ́ wá máa gbé níbẹ̀ mọ́. Wọ́n fagi lé àṣẹ náà ní ọjọ́ 20 oṣù Kíní 2021. Màmá ti kú n'Íjẹ̀bú ní oṣù Kọkànlá tó ṣáájú.

"Ẹgbẹ́ tí mo dìbò fún nítorí ọmọ tí wọn ò tíì bí ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá tó bí mi," ó ní. Ó gbá sítíárìn pẹ́pẹ́. "Ẹgbẹ́ kejì sì rèé, tí n bá dárúkọ ọmọ inú oyún lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á wò mí bí ẹni tí kò lajú. Wọ́n ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́dún mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n á jókòó síwájú, wọ́n á pàtẹ́wọ́, ó tán."

Ẹ̀gbọ́n mi ò yíjú. "Ẹ rọra wakọ̀," ló kàn sọ.

Mo ṣì ń ro ọ̀rọ̀ yẹn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé ìdájọ́ 1973 tó fún obìnrin lẹ́tọ̀ọ́ sí oyún ṣíṣẹ́ ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà 2022. Ohun tí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ti ń gbàdúrà fún láti ìgbà èwe wọn ni. Nígbà tó di oṣù Keje 2024, ẹgbẹ́ Republican kọ ìwé ìlànà tuntun, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ òfin tó máa ka oyún ṣíṣẹ́ léèwọ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè kúrò, wọ́n ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ṣe tirẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ kan bínú gidi. Níbo ni wọ́n fẹ́ lọ? Ẹgbẹ́ kékeré kan wà tó ń jẹ́ American Solidarity Party, tó lòdì sí oyún ṣíṣẹ́, tó lòdì sí pípa ọ̀daràn, tó sì fẹ́ kí ìjọba ran tálákà lọ́wọ́. Nígbà tí mo ka ìlànà wọn fún Bàbá Ìbejì lórí fóònù, ó ní kí n tún un kà. Ó dákẹ́. Ó wá ní, "Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ orúkọ wọn ní Texas."

Floyd fúnra rẹ̀, ilẹ̀ oko ni, atẹ́gùn fẹ́ sí wa lára, a gbàdúrà, a padà.

Ọjọ́ Bọ̀, ọjọ́ 24, ni mo tẹ̀lé e lọ dìbò. Wọ́n ti ń dìbò ṣáájú ọjọ́ láti ọjọ́ Ajé. Mi ò lè wọlé. Wọ́n gbé àmì sílẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà sí ẹnu ọ̀nà, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ polongo kọjá ibẹ̀, ìta àmì yẹn ni mo sì dúró sí, láàárín pátákó orúkọ àwọn olùdíje tí wọ́n gún mọ́ koríko bí ẹ̀gé. Ìlà gùn. Ìyá òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó fi àgbélébùú sọ́rùn, ó ń ti bàbá arọ kan lórí kẹ̀kẹ́. Àwọn ìyá aláwọ̀ dúdú mẹ́ta wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ̀wù ẹgbẹ́ akọrin wọn jọra. Wọ́n ń bi ara wọn léèrè ọmọ. Onígbàgbọ́ ni gbogbo wọn, mo rò ó, wọ́n sì ń lọ pa ìbò ara wọn rẹ́ nínú ilé yẹn.

Ìṣẹ́jú ogójì ni Bàbá Ìbejì lò. Nígbà tó jáde, sítíkà ìdìbò wà ní àyà rẹ̀. Mi ò bi í léèrè ẹni tó dìbò fún, kò sì sọ. Inú mọ́tò ló ti yọ ìwé pélébé náà lápò ṣẹ́ẹ̀tì, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó ní kí n wò ó.

Ó ti fi báírò fa ìlà gígùn kan sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ìlà tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, ó sì ti dáhùn gbogbo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ inú oyún: kí ó yè. Ìbọn: rárá. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó fi lẹ́tà kéékèèké kún un: ìyá mi. Lókè ìlà tirẹ̀, níbi tó yẹ kí fọ́tò wà, ìwé funfun ni.

"Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀," ó ní. Ó ṣíná sí mọ́tò, a lọ mú àwọn ìbejì nílé ìwé.