Ìtẹ̀ Mẹ́ta

Alẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ọwọ́ mi ṣì ń rùn fún òróró bíréèkì. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo tún fi ọsàn wẹ́wẹ́ ha á, kò lọ. Kò burú. Láti Ọjọ́rú tó kọjá ni oúnjẹ ò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi dáadáa, alẹ́ òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó jẹ ẹ̀bà tán nínú abọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ ti Ọjọ́rú ọ̀hún sílẹ̀ kó tó parẹ́ lọ́kàn mi. Mo kó ẹja ní Olúwo, ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́, apẹ̀rẹ̀ mẹ́rìnlá, ọ̀bọ̀kún àti epìyà, pẹ̀lú àrọ̀ díẹ̀ tí oníbàárà mi kan ní Ìjẹ̀bú-Òde bẹ̀ mí fún. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ ń yọ̀. Mo ń sọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan láàárín ìlú ni Márúwá kan dúró lójijì níwájú mi láti já èrò. Mo tẹ bíréèkì. Ìtẹ̀ kìíní, kò mú nǹkan kan. Ìkejì, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ìkẹta tó máa ń dì, kò dì. Ẹsẹ̀ mi lọ kan ilẹ̀ ọkọ̀. Mo já a sí jíà kìíní, mo fa bíréèkì ọwọ́, mo yí ọwọ́ mọ́tò sínú òkìtì yanrìn tí wọ́n kó síwájú ilé kan. Ọkọ̀ rì sínú yanrìn, ó dúró. Apẹ̀rẹ̀ méjì ya, epìyà dà sílẹ̀. Obìnrin tó ń sọ̀ nínú Márúwá náà pọn ọmọ. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ó san owó, ó dúró gba ṣéńjì, ó tún ọ̀já rẹ̀ so, ó lọ. Ọ̀já yẹn, aláwọ̀ ewé ni, mo ṣì ń rí i tí mo bá dijú.

Peugeot 504 ni ọkọ̀ náà, píkọ́ọ̀pù bàbá mi. Ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ nílẹ̀ yìí kò ní béèrè irú mọ́tò tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti 1975 ni wọ́n ti ń to Peugeot ní Kàdúná, kò sì sí ọ̀nà tí 504 kò tọ̀ rí. Píkọ́ọ̀pù rẹ̀ jáde lọ́dún 1979. Ní 1988 ni bàbá mi ra tiwọn ní àlòkù. Àwọn ènìyàn ń gbà mí nímọ̀ràn pé kí n tà á fún àwọn tó ń ra irin. N kò ní tà á. Kò ní kọ̀ǹpútà kankan nínú, etí títì ni mẹkáníìkì lè tú u sí, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń gbé ẹrù láìráhùn.

Wọ́n fi okùn wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ bàbá mẹkáníìkì tó ti ń tún un ṣe láti ìgbà ayé bàbá mi. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Awakọ̀ kan tó wá yí òróró ẹ́ńjìnnì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ wa, ó ní, "Mọ́mì, ẹ da omi ọṣẹ sí i dípò òróró bíréèkì, ẹ rọra máa gbé e lọ, yóò mú." Inú bí Bàbá. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, má gbọ́ tiẹ̀. Omi tí ò dúró níwájú iná lo fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé?"

Ohun tí wọ́n sọ yìí, mo ti kà nípa rẹ̀ lórí fóònù ní òru tí n kò rí oorun sùn. Bíréèkì ń gbóná gan-an, pàápàá lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pẹ̀lú ẹrù. Òróró bíréèkì tí wọ́n kọ DOT 3 sí lára, tó bá jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ti DOT 4, 230. Ṣùgbọ́n òróró yìí máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Tó bá ti mu omi, DOT 3 lè hó ní 140, DOT 4 ní 155. Tó bá hó, ó di èéfín nínú páìpù. Òróró kò ṣe é fún pọ̀, ìdí nìyẹn tí agbára ẹsẹ̀ fi ń dé tayà. Èéfín ń fún pọ̀ bíi tìmùtìmù, ẹsẹ̀ á kàn máa wọlé lọ. Àwa tó ń gbé etí ọ̀sà, inú ọ̀rinrin la wà tọ̀sán-tòru. Òróró tó wà nínú ọkọ̀ mi, n kò rántí ọjọ́ tí wọ́n yí i kẹ́yìn. Nígbà tí Bàbá fà á jáde, ó dúdú bí omi àgbo.

Dísìkì iwájú kò burú, páàdì nìkan la máa yí. Ẹ̀yìn ni ìṣòro wà. Ọmọṣẹ́ lu dírọ́ọ̀mù òsì, irin rìbìtì tó ń bá tayà yí, títí tó fi bọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti fi ẹnu fẹ́ eruku inú rẹ̀. Mo pariwo. Láínìnì ni ohun líle tó ń fún mọ́ inú dírọ́ọ̀mù kí ọkọ̀ lè dúró. Ti àtijọ́, asbestos wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, eruku rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní, "Mọ́mì, a ti ń ṣe é tipẹ́." Mo rẹ àkísà sínú omi, mo fún un kó fi nù ún. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Mo ní kó ṣèlérí fún mi pé kò ní fẹnu fẹ́ ẹ mọ́, ó ṣèlérí, n kò sì mọ̀ bóyá yóò pa á mọ́ lẹ́yìn mi.

Bàbá pè mí kí n wá wo inú rẹ̀. Rọ́bà inú wíìlì sílíńdà, ibi tí òróró ti ń ti láínìnì mọ́ dírọ́ọ̀mù, ti ya, òróró ti ń jò sórí láínìnì fún ìgbà pípẹ́, ó ti dì pọ̀ mọ́ eruku bí ọ̀rá ìsàlẹ̀ ìkòkò. Láínìnì ti jẹ tán kan ìṣó bàbà tí wọ́n fi kàn án mọ́ ṣúù, irin tó gbé e dúró, ìṣó náà sì ti ń ha irin. Ojú dírọ́ọ̀mù ti kọ àbàjà. Mo fi ìka tọ àwọn ilà náà, wọ́n jìn débi tí èékánná mi ń kọ́ sínú wọn.

Bàbá nu ọwọ́ wọn. "Ìtẹ̀ mélòó lo máa ń tẹ̀ ẹ́ kó tó mú?"

"Mẹ́ta."

Wọ́n mi orí.

Bàbá mi ló kọ́ mi ní mọ́tò, nínú ọkọ̀ yìí kan náà, n kò sì wa òmíràn rí. Ẹsẹ̀ wọn ni mo máa ń wò: tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀, ọkọ̀ á dúró. Bí mo ṣe rí i ni mo ṣe kọ́ ọ. N kò rò ó rí pé àìsàn ọkọ̀ ni. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń dá mọ́tò dúró nìyẹn. Bàbá mẹkáníìkì ní ṣúù ti jìnnà sí dírọ́ọ̀mù ni, irin tí wọ́n fi ń sún un ti dógùn-ún, kò ṣe é yí. Ìtẹ̀ kìíní ń gbé e kúrò níbi tó wà, ìkejì ń mú un súnmọ́, ìkẹta ló ń bá a mú. "Bàbá rẹ mọ̀," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo sọ fún un. Ó ní owó ló kù. Ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ mélòó lo rí i tó kó sẹ́yìn ọkọ̀ yìí rí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lọ́kàn. Mẹ́fà. Kì í ju mẹ́fà lọ. Ìyá mi a máa bá wọn jà sí i, pé ẹ̀yìn ọkọ̀ fẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ wọn ń kó o kún. Wọn kì í fèsì. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ni wọ́n ti ń jáde, nígbà tí ojú ọ̀nà ṣófo. Bí wọ́n bá sì ti dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, jíà kejì ni, láti òkè dé ìsàlẹ̀. A máa ń rò pé ojo ni wọ́n. Wọ́n mọ ohun tí ọkọ̀ wọn kò lè ṣe, wọ́n sì ń rìn bí ó ṣe lè rìn. Nígbà tó di tèmi, ìtẹ̀ mẹ́ta ni mo jogún. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà kò bá a wá. Ó dùn mí pé wọn ò la ẹnu sọ fún mi, mo jókòó sórí tayà níbẹ̀, mo sunkún díẹ̀, ọmọṣẹ́ náà lọ ra omi tútù wá.

Ohun èlò gba ọjọ́ mẹ́ta. Àbúrò mi lọ sí Ládípọ̀, ọjà ohun èlò mọ́tò ní Èkó, wíìlì sílíńdà kan tí wọ́n tà fún un kò bá a mu, ó tún padà lọ. Wọ́n fi ẹ̀rọ fá ojú dírọ́ọ̀mù títí àbàjà fi pa rẹ́. Bàbá ní ká yí mástà sílíńdà, èyí tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ láti ti òróró lọ sí tayà, àti gbogbo páìpù rọ́bà náà, mo ní kí wọ́n yí i. Èrè ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló bá a lọ.

Lónìí la fa atẹ́gùn jáde nínú páìpù òróró. Tayà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún la ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló jìnnà jù sí mástà sílíńdà. Bàbá ki rọ́bà tín-ínrín bọ ẹnu nọ́ọ̀tì kékeré tí atẹ́gùn ń gbà jáde, ìdí rọ́bà wà nínú ìgò tí òróró wà. Èmi ni mo jókòó síwájú, mo ń tẹ̀. "Tẹ̀ ẹ́! Dì í mú!" Wọ́n á tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, ẹsẹ̀ mi á wọlé, ìgò á hó pútúpútú bí ìgbà tí ẹja ń mí lábẹ́ omi. "Má tíì gbé e!" Wọ́n á tún nọ́ọ̀tì dé. Léraléra, títí ìgò fi dákẹ́. Ibi tí òróró ta sí mi lọ́wọ́ nìyẹn.

Bàbá jókòó tì mí, a gbé e jáde lófìfo, a sì lọ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọjọ́sí. Wọ́n ti kó òkìtì yanrìn yẹn kúrò. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó le lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi bí òkúta àbáwọlé, ọkọ̀ dúró gbọnyin, ẹsẹ̀ mi sì tún ń lọ fúnra rẹ̀: ìkejì, ìkẹta.

"Ẹ̀ẹ̀kan," ni Bàbá wí. "Ẹ̀ẹ̀kan ti tó, Ìyá Ìbejì."

A yí padà, a tún sọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ṣe é, ẹsẹ̀ mi ò tíì gbàgbé.

Wọ́n ní kí láínìnì tuntun fi ọ̀sẹ̀ kan mọ ojú dírọ́ọ̀mù kí n tó di ẹrù púpọ̀ lé e. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà ni mo máa kó lọ́la.