Fọ́tò Àwọn Abàmì Lálẹ́ Halloween

Kí àwọn tó múra bí òkú tó jí tó jáde tán lọ́jọ́ 31 oṣù kẹwàá, ọjọ́ Halloween tí àwọn èèyàn máa ń múra bí iwin àti abàmì, ilẹ̀ ti ṣú. Síbẹ̀, n kì í lo fíláàṣì orí kámẹ́rà. Tó bá kọ lu ojú èèyàn tààrà, gbogbo ọ̀dà tí wọ́n fara balẹ̀ kùn á di funfun pẹẹ, ẹ̀yìn wọn á sì di òkùnkùn biribiri.

Lẹ́ǹsì 50mm tó ṣí dé f/1.8 (ihò rẹ̀ fẹ̀, ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ń wọlé) ni mo máa ń gbé, ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó, á wà ní 3200, nígbà mìíràn 6400. Fọ́tò á ní hóró-hóró díẹ̀, àmọ́ ta ló fẹ́ kí iwin mọ́ tónítóní? Fún ẹni tó dúró jẹ́ẹ́, kí kámẹ́rà ṣí fún 1/125 ìṣẹ́jú àáyá tó. Tó bá ń jó, ó di 1/250.

Iná òpópónà ni mo máa ń wá kiri. Òkè ló ti ń tàn wá, ó sì máa ń jẹ́ kí ihò ojú inú ìbòjú ṣókùnkùn jù, nítorí náà màá ní kí wọ́n gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Kámẹ́rà tó ń dá ojú èèyàn mọ̀ kì í sábà ka agbárí sí ojú (kò kúkú jẹ̀bi). Ọwọ́ ni mo fi ń yan ibi tí kámẹ́rà á mú kedere, ìyẹn ibi tí dúdú àti funfun ti pàdé lára ìbòjú.

Mo máa ń tọrọ àyè, lọ́wọ́ òbí pàápàá tó bá jẹ́ ọmọdé. Lẹ́yìn náà màá béèrè pé, “Kí ni ẹ̀dá yìí máa ń ṣe?” Kíá, ìdúró á yí padà, èékánná á yọ, eyín á hàn. Ìgbà yẹn ni mo ń tẹ bọ́tìnnì.