Ẹ̀kọ́ tí jigsaw onígi kọ́ wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn, yálà nílé òbí yín ní Ìbàdàn tàbí nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ní London, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Ẹ ti mọ̀ pé jigsaw, eré àwòrán tí wọ́n gé sí ègé wẹ́wẹ́ kí èèyàn lè tò ó padà, máa ń gbé ọkàn aláìsàn kúrò lára ìrora fún ìgbà díẹ̀, pé onígi dùn-ún dì mú ju onípáálí lọ, pé kò nílò iná, kò nílò dátà. A ò ní fi àkókò ṣòfò lórí ìyẹn. Ohun tó fa ọ̀rọ̀ ni pé àṣìṣe tí àwa tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí ti ṣe sẹ́yìn, òun náà lẹ tún ń ṣe, aláìsàn ló sì ń jìyà rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkíní, ẹ kọ́kọ́ wo ìka ọwọ́ kí ẹ tó wo àwòrán. Àwọn oògùn jẹjẹrẹ bíi vincristine àti paclitaxel máa ń mú kí orí ìka kú, kó dà bí ẹni pé kì í ṣe ara ẹni mọ́. Irú ìka bẹ́ẹ̀ kò lè ṣa ègé tó fẹ́lẹ́ níwọ̀n mílímítà 3 lórí tábìlì dídán. Á kàn máa tì í kiri, ègé á máa sá. Ẹ ṣẹ́ táwẹ́ẹ̀lì po sí méjì, kí ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ àwọn ègé náà. Bí wọ́n bá wá fi ìka tẹ etí ègé kan mọ́lẹ̀, aṣọ á rì níbẹ̀, etí kejì á gbé sókè, àtàǹpàkò á sì rí ibi gbá mú. Ohun tó kéré báyìí ló ń fa ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ṣeré àti ẹni tó sunkún.

Ègé tó nípọn tó mílímítà 5 tàbí 6 ló sàn jù fún wọn, àti fún ẹni tí àrùn Parkinson ń mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Ilé-iṣẹ́ Wentworth tó ń ṣe jigsaw onígi ní Wiltshire, ní England, ń gé tiwọn ní nǹkan bíi mílímítà 3. Pákó plywood tí ilé-iṣẹ́ Liberty ní Colorado, ní Amẹ́ríkà, ń lò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ìyẹn. Ẹni tó ní Parkinson, ẹ jẹ́ kí oògùn rẹ̀ ti máa ṣiṣẹ́ lára kí ẹ tó gbé e síwájú rẹ̀. Bí agbára oògùn bá ti ń lọ sílẹ̀, ẹ rọra kó o kúrò. Bí abẹ́rẹ́ dírípù bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, apá òsì ni kí tíréè wà, kí wọ́n má baà máa na ọwọ́ tó ní abẹ́rẹ́ kọjá àyà.

Èkejì, igi kò fẹ́ omi. Awẹ́ igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ra ni plywood, etí tí ayùn ti gbà sì ni omi ń gbà wọlé. Ègé tó bá ti mu omi á wú, kò ní wọ àyè rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nù ún. Bí ẹ bá fi sánítáísà pa ọwọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Ọwọ́ tútù ló ń ṣí àwòrán kúrò lára igi láti etí. Èyí tí wọ́n fi iná laser gé máa ń dúdú létí, òórùn èéfín sì máa ń wà lára rẹ̀ bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí páálí rẹ̀. Ẹni tí èébì ń gbé nítorí kẹmó, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ, kò lè fara da òórùn yẹn. Ẹ tẹ́ ègé sórí ìwé ìròyìn fún ọjọ́ méjì kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, kí ẹ nu etí rẹ̀, kí ẹ tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Nítorí pé igi kò ṣeé fi oògùn apakòkòrò fọ̀ dáadáa, ẹni tí kẹmó ti mú kí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ kò gbọdọ̀ bá ẹlòmíì pín in. Tuntun ni kí ẹ ra fún un, kó sì jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ẹ bi nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù léèrè kí ẹ tó gbé e wọlé.

Ẹ̀kẹta ni iye ègé, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Màámá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yàrá iṣẹ́ abẹ dé. Àwọn ọmọ dáwó jọ, wọ́n ra jigsaw onígi 500 ègé, èyí tó wọ́n jù ní ṣọ́ọ̀bù, torí wọ́n rò pé bí ẹ̀bùn bá ṣe tóbi tó ni ìfẹ́ ṣe pọ̀ tó. Lọ́jọ́ kìíní, gbogbo ẹbí pé yí ibùsùn ká, wọ́n da ègé sílẹ̀, oníkálùkù ń wá etí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe onípáálí nìyẹn: igun mẹ́rin, etí títọ́, kó tó kan àárín. Onígi kì í gba bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gé e máa ń la igun sí méjì, tí ẹ ò fi ní rí ègé kan tó jọ igun. Wọ́n á tún gé ègé àárín kan kí etí rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan, kó lè tan yín jẹ. Ibi tí òrùlé ti pàdé sánmà gan-an ni ayùn sì máa ń gbà, débi pé àwọ̀ ègé kan kò ní sọ ẹni tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ fún yín. Bó ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ní nǹkan bí ọdún 1760 sí i, nígbà tí John Spilsbury ní London ń lẹ máàpù mọ́ igi mahogany fún àwọn ọmọdé láti fi kọ́ nípa ayé, ààlà ìlú ni ayùn rẹ̀ ń tọ̀.

Wákàtí kan kọjá, wọn ò tíì rí igun kan. Àwọn ọmọ wo aago, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lọ́la. Lọ́jọ́ kejì, Màámá nìkan ló kù pẹ̀lú òkìtì ègé lórí tábìlì orí ibùsùn. Tábìlì yẹn kan náà ni wọ́n ń gbé oúnjẹ ọ̀sán sí. Ẹni tó gbé oúnjẹ wá sún páálí síwájú díẹ̀, àwọn ègé tí wọ́n ti tò sì tú ká, torí àwọn onígi kan kì í há mọ́ra bí onípáálí. Wọ́n kàn fara tira ni. Lọ́jọ́ kẹta, Màámá ń wò ó láti ibi ìrọ̀rí. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n ní: "Ẹ bá mi kó o lọ." Kò tó 60 ègé tí wọ́n ti tò nínú 500. Bí ẹ bá wá gbé oní 40 ègé wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọn ò ní fọwọ́ kàn án. Wọ́n á ní àwọn ò mọ irú eré bẹ́ẹ̀ ṣe.

Ẹ̀yin rò pé eré ni ẹ gbé wá. Aláìsàn ń ka nǹkan lójoojúmọ́: àtẹ̀gùn tí kò lè gùn mọ́, ìkòkò tí kò lè gbé mọ́, orúkọ ọmọ-ọmọ tó ń yọ́ lọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ wá gbé ohun kan síwájú rẹ̀ tí kò ní lè parí, ẹ sì fi sílẹ̀ níbi tí ojú rẹ̀ á ti máa kàn án láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Ọ̀kan lẹ fi kún ohun tó ń kà. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. A ti sọ ọ́, a sọ ọ́ títí ẹnu fi ń kan, ẹ̀yin á sì dá wa lóhùn pé 40 ègé ti kéré jù, pé eré ọmọdé ni. 40 ègé onígi tí wọ́n gé dáadáa lè mú ẹni tára rẹ̀ le fún 20 ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Ẹni tí ara rẹ̀ kò le, á mú un lọ́jọ́ méjì. Ọ̀tọ̀ ni òṣùwọ̀n tí ẹ ń lò.

Bí ẹ bá fẹ́ ìwọ̀n tó ṣiṣẹ́: lọ́sẹ̀ kìíní lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tàbí lẹ́yìn kẹmó, láti 20 ègé sí 40. Kí wọ́n tò ó fún 10 sí 15 ìṣẹ́jú, kí wọ́n sinmi, kódà bí wọ́n bá ní ó kù díẹ̀, torí àárẹ̀ àìsàn kì í wá lójú ẹsẹ̀, ọ̀sán tàbí alẹ́ ló ń wá gba owó rẹ̀. Bí wọ́n bá ti lè jókòó tó wákàtí kan láìfara tì, ẹ lè lọ sí 100. Ẹ yan èyí tí wọ́n gé ègé díẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹyẹ, bí ẹja, bí ẹni tó gbé agbọ̀n. Lọ́jọ́ tí agbára kò ju ti ìṣẹ́jú 5 lọ, wọ́n á ṣa ẹyẹ nìkan, wọ́n á fi sáyè rẹ̀, ọjọ́ náà sì ti lérè. Kí tíréè ní etí tó ga tó sẹ̀ntímítà 2, kó sì ní ìdérí pẹlẹbẹ tí aṣọ wà nínú rẹ̀, kí oúnjẹ lè dé láì tú iṣẹ́ wọn ká.

Fún ẹni tí ẹ̀rọ ń bá fọ ẹ̀jẹ̀ nítorí kídìnrín, ìdérí yẹn ṣe kókó. Wákàtí 4 ni wọ́n sábà máa ń lò lórí àga, ọwọ́ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ sí kò sì gbọdọ̀ mira. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń tò ó, nítorí náà ẹ da gbogbo ègé ojú sókè fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Yíyí ègé padà ló ń rẹ ọwọ́ kan jù. Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn bá já wálẹ̀ lójijì, nọ́ọ̀sì á dá àga dùbúlẹ̀ kíá, ìdérí ni kò ní jẹ́ kí 40 ègé fọ́n sábẹ́ ẹ̀rọ. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ládìde ńkọ́? Nígbà tí ìrora bá le, ẹ má gbé e jáde rárá. Bó bá ti rọlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ móoru, kí ẹ sì so omi pọ̀ mọ́ eré: ègé 5, kó mu omi díẹ̀, láti inú ike tó ní ìdérí. Ẹ má ṣe lo ìyẹn fún oníkídìnrín o, torí wọ́n ti fún wọn ní ìwọ̀n omi òòjọ́.

Ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti mú kí ó má fiyè sí ohun tó wà lápá òsì rẹ̀ mọ́, ẹ to ègé sí apá ọ̀tún lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ máa sún un sí òsì díẹ̀díẹ̀, bí onítọ́jú rẹ̀ bá ṣe ní kí ẹ ṣe é.

Ohun kan wà tó ń dunni ju gbogbo èyí lọ. Bàbá ti tò ó dé ègé tó kẹ́yìn, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n lókè àyè náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró létí ibùsùn sì na ọwọ́, ẹ fi sí i. Ẹ rò pé ìrànlọ́wọ́ ni. Ìṣẹ́jú kan yẹn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀ láti àárọ̀. Ẹ kó ọwọ́ yín sẹ́yìn, kó gba 10 ìṣẹ́jú bó bá máa gbà á.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ ò nílò ti òkèèrè. Plywood mílímítà 4, sẹ̀ntímítà 20 ní gígùn, 15 ní ìbú, ti tó. Ẹ tẹ fọ́tò sórí bébà tí kò dán, torí bébà dídán á máa ta iná gílóòbù sí aláìsàn lójú. Fọ́tò ọjà ló dára jù, ata, tòmátò, agboòrùn, aṣọ oríṣiríṣi. Sánmà gbalasa kò dára, gbogbo ègé rẹ̀ á jọra. Ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun káfíńtà fẹ́lẹ́ lẹ fọ́tò mọ́ plywood, kí ẹ fi nǹkan tó wúwo tẹ̀ ẹ́ di ọjọ́ kejì. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ tó pín in sí 24, 6 ní gígùn, 4 ní ìbú. Kí káfíńtà lo ayùn tín-ín-rín, kí eyín rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀, kí àwòrán sì wà lókè. Bí àwòrán bá wà nísàlẹ̀, ayùn á fa bébà rẹ̀ ya. Ẹ má jẹ́ kí ìlà kankan gba ojú èèyàn kọjá. Sáńpépà nọ́ńbà 240 ni kí ẹ fi ra ẹ̀yìn àti etí, kó má baà gún awọ ara tó ti fẹ́lẹ́.

Ẹ kọ iye ègé sí ìdí páálí. Ẹ kà á kí ẹ tó pa á dé, lójoojúmọ́. Bí ó bá dín ẹyọ kan, inú aṣọ ibùsùn ló sábà máa ń wà, níbi tí aṣọ náà ti ká sábẹ́ itan. Ẹ gbọn ọ́n kí àwọn alágbàfọ̀ tó gbé e.