Yíyẹ Fáìlì Wò Kí Ó Tó Jáde, Láìdá Iṣẹ́ Dúró

Nínú ètò ìtọ́jú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ méjì ni ó pa pọ̀ nínú gbígba fáìlì kan sílẹ̀. Èkíní ni ìpinnu: kí á mọ ẹni tó ń béèrè, kí á wò ó bóyá ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé náà, kí á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó béèrè. Èkejì ni gbígbé fáìlì náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìpinnu kì í sábà tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n bí fáìlì náà bá tó MB 400, tí íntánẹ́ẹ̀tì ẹni náà sì ń fà, gbígbé e lè gba ìdajì wákàtí.

Ó ṣeni láàánú pé kóòdù kan náà ni ọ̀pọ̀ ètò ń lò fún méjèèjì. Lórí Apache (sáfà, ìyẹn ètò tó ń dáhùn ìbéèrè àwọn tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì) tó ń lo mod_php (èyí tó ń jẹ́ kí kóòdù PHP ṣiṣẹ́ nínú Apache), process kan (ẹ̀dà ètò náà tó ń dá ẹnì kan ṣoṣo lóhùn lẹ́ẹ̀kan) ni yóò máa ka fáìlì náà díẹ̀díẹ̀, tí yóò sì máa tì í síta títí yóò fi tán. Bí process 20 péré bá wà, tí ènìyàn 20 sì ń gba fáìlì ńlá lọ́wọ́, ẹni tó kàn fẹ́ wọlé sínú ètò náà yóò dúró títí. Bí akọ̀wé tó ń lu òǹtẹ̀ bá tún ní láti gbé ìwé dé ilé oníkálukú, ta ni yóò kù ní ọ́fíìsì?

Ohun tí mo fara mọ́ ni kí kóòdù ṣe ìpinnu nìkan, kí ó sì fi header kan ṣoṣo (ìlà àlàyé tó ń ṣáájú ìdáhùn tàbí ìbéèrè), X-Accel-Redirect, sọ ibi tí fáìlì wà fún nginx, sáfà mìíràn tó dúró níwájú kóòdù, kí nginx fúnra rẹ̀ gbé e lọ. Nínú ìṣètò nginx, a ó ti kọ internal (inú nìkan) sí ibi ìpamọ́ náà, tó fi jẹ́ pé 404 (“a kò rí i”) ni ẹnikẹ́ni tó bá tẹ àdírẹ́sì rẹ̀ láti ìta yóò rí. X-Sendfile ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí Apache, bí a bá ti fi mod_xsendfile kún un.

Àkọsílẹ̀ ló tún le ju èyí lọ. Ohun èlò tí a fi ń ka PDF lè máa béèrè ìwé ní ègé-ègé nípasẹ̀ header Range, tó ń sọ ègé tí ó fẹ́, tí sáfà yóò sì máa fi 206 (“ègé kan nìyí”) dáhùn, nítorí náà ẹni kan tó ṣí ìwé lẹ́ẹ̀kan lè hàn nínú àkọsílẹ̀ bí ẹni tó gbà á lọ́pọ̀ ìgbà. Èrò tèmi ni pé kí á yẹ ẹ̀tọ́ wò ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n kí á ka gbogbo ìbéèrè ẹnì kan fún ìwé kan láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí ẹyọ kan. Kí á sì rántí pé àṣẹ ni kóòdù wa kọ sílẹ̀; bóyá fáìlì náà dé tán, inú àkọsílẹ̀ nginx ni a ti lè wo iye byte tó jáde.

Bí ó bá jẹ́ S3 (ibi ìpamọ́ fáìlì orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Amazon) ni fáìlì wà, a lè fún oníbéèrè ní líǹkì tí a ti buwọ́ lù, ìyẹn àdírẹ́sì tó gbé àṣẹ tiwa dání fún ìgbà díẹ̀, tí kò lè kọjá ọjọ́ 7. Ẹnikẹ́ni tí líǹkì náà bá bọ́ sí lọ́wọ́ lè lò ó, nítorí náà ìṣẹ́jú kan ni mo máa ń fún un. Àsìkò tí ìbéèrè bá dé ni S3 ń wo ọjọ́ orí líǹkì, kì í gé ẹni tó ti ń gbà á lọ́wọ́. Ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá já ni yóò ní láti padà wá gba òmíràn.